Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Yí Fáàfù Blow-off Tọ́ọ̀bò Sí Ibi Tí Ó Yẹ

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí ọkọ̀ onítọ́ọ̀bò. A dáhùn ti àkọ́kọ́ gùn ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ ẹni tí ń wa ọkọ̀ tokunbo láti ilẹ̀ Yúróòpù kiri ní Àbújá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Gwarinpa ni mò ń gbé. Audi A4 ọdún 2003 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8T, jíà mánúwà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ fáàfù tí ó bá tọ́ọ̀bò rẹ̀ wá, kí n sì fi blow-off tí ń tú afẹ́fẹ́ síta rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ohùn rẹ̀ dùn. Mekaníìkì kan ní Apo ni ó bá mi fi í sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ dúró níbi iná ojú pópó, tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹná tí mo sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì á kú. Èéfín dúdú ń jáde nígbà tí mo bá ń pààrọ̀ jíà, epo sì ń tètè tán. Nígbà tí mo padà lọ bá mekaníìkì náà, ó fún sìkúrúù orí fáàfù náà mọ́ dé òpin. Ẹ́ńjìnnì kì í kú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹná, ohùn kan báyìí, tu-tu-tu-tu, ni mò ń gbọ́ láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibo gan-an ni ó yẹ kí n yí sìkúrúù yìí sí? Ṣé kò tíì máa ba tọ́ọ̀bò mi jẹ́? — Òǹkàwé kan, Gwarinpa, Àbújá.

ÌDÁHÙN: Àìsàn méjì ni ẹ kó sínú lẹ́tà kan, kò sì sí ibi tí ẹ lè yí sìkúrúù náà sí tí yóò wo méjèèjì sàn. Ohùn tu-tu-tu ni sìkúrúù lè wò. Kíkú tí ẹ́ńjìnnì ń kú àti èéfín dúdú tí ń jáde wá láti ibòmíràn, ìyẹn ni pé irú fáàfù tí wọ́n fi sí i kò bá ọ̀nà tí Audi yín ń gbà ka afẹ́fẹ́ mu. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọkọ̀ rẹ̀ dán nǹkan wò mọ́.

Tọ́ọ̀bò ní abẹ̀bẹ̀ méjì lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná tí ń lọ sí sàlẹ́ńsà ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kìíní. Èkejì ń fa afẹ́fẹ́ láti inú fílítà, ó ń kì í mọ́ra, ó sì ń tì í gba inú intercooler, ẹ̀rọ tí ń mú kí afẹ́fẹ́ náà tutù, lọ sí ẹnu throttle, ìyẹn awẹ́ tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé bí ẹ ṣe ń tẹ ìtẹná. Ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà kò lè dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹná. Ṣùgbọ́n throttle ti pa dé ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí tọ́ọ̀bò ṣì ń tì bọ̀ kò rí ibi gbà, ó sì dà bí ìgbà tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń rọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà kan tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lójú: àwọn tí ó wà níwájú á bì padà lu àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ náà á bì padà gba àárín abẹ̀bẹ̀ tọ́ọ̀bò, á tún lọ síwájú, á tún bì padà, lọ́pọ̀ ìgbà kí ojú tó ṣẹ́. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ fáàfù blow-off ni láti ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ yẹn ní àkókò náà gan-an, kí ó sì pa dé ní gbogbo àkókò yòókù. Pístìnì kékeré kan, tàbí awọ rọ́bà, ni ó wà nínú rẹ̀, tí sípíríìngì ń tì kí ó lè dí ẹnu fáàfù náà. Afẹ́fẹ́ tí tọ́ọ̀bò kì ń ti pístìnì náà láti ìsàlẹ̀. Rọ́bà tín-ínrín kan sì wá láti manifold, ìyẹn páìpù tí ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà lẹ́yìn throttle, ó wọ orí fáàfù náà. Nígbà tí ẹ bá tẹná, ìfúnpá inú manifold àti ti inú páìpù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òkè àti ìsàlẹ̀ pístìnì náà ń ti ara wọn bákan náà, sípíríìngì á sì borí, fáàfù á wà ní pípadé. Nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì ṣì ń fa afẹ́fẹ́ ṣùgbọ́n throttle kò jẹ́ kí ó rí i, nítorí náà manifold á di ibi tí agbára ìfà pọ̀ sí. Agbára ìfà yẹn á fa pístìnì sókè, ìfúnpá inú páìpù á sì tì í láti ìsàlẹ̀, ni fáàfù bá ṣí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí sìkúrúù ń ṣe nínú gbogbo èyí. Ó kàn ń fún sípíríìngì mọ́ tàbí ó ń dẹ̀ ẹ́ ni. Bí ó bá le jù, agbára ìfà kò ní lè gbé pístìnì sókè ní kíákíá, afẹ́fẹ́ á sì bì padà lu tọ́ọ̀bò. Ipò tí ti yín wà nìyí. Bí ó bá rọ̀ jù, fáàfù lè máa ṣí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò yẹ kí ó ṣí, pàápàá nígbà tí ẹ bá tẹná díẹ̀ tí throttle kò tíì ṣí tán, nítorí pé ìfúnpá inú páìpù máa ń ju ti manifold lọ nígbà náà. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé fífún sìkúrúù yìí mọ́ ń fi kún agbára ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wastegate, ìyẹn ọ̀nà tí ń dá èéfín díẹ̀ kúrò lórí abẹ̀bẹ̀ kìíní, àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mekaníìkì wa ń pè ní brain box, ni wọ́n ń pinnu iye ìfúnpá tí tọ́ọ̀bò ń mú wá. Fáàfù tí ó bá ti ń pa dé dáadáa nígbà tí ẹ tẹná ti ṣe gbogbo ohun tí ó lè ṣe fún agbára ọkọ̀ náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ń kú. Lórí Audi 1.8T, sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn fílítà afẹ́fẹ́ tí ń wọn gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó bá kọjá níwájú rẹ̀. MAF ni wọ́n ń pè é. Brain box ń wo iye tí MAF kà, ó sì ń tú epo tí ó bá iye yẹn mu. Nígbà tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi fáàfù tiwọn sí i, wọ́n mú kí ó máa dá afẹ́fẹ́ tí ó bá tú padà sínú páìpù tí ń wọ tọ́ọ̀bò, lẹ́yìn MAF, kí afẹ́fẹ́ tí a ti kà má bàa sọnù. Fáàfù tí wọ́n fi sí tiyín ń da afẹ́fẹ́ kan náà sójú ọ̀run. Brain box kò mọ̀. Ó ti tú epo fún afẹ́fẹ́ tí kò dé ẹ́ńjìnnì mọ́. Epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kò jó tán, ó sì di èéfín dúdú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ ń sáré, ẹ ó kàn rí èéfín ni. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ ń dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ wálẹ̀ sí yíyí jẹ́jẹ́ tí kò sì ní agbára púpọ̀ lọ́wọ́, epo á bò ó mọ́lẹ̀, á sì kú.

Epo tí kò jó tán yìí kì í ṣe owó tí ẹ pàdánù nìkan. Ó ń bọ́ sínú catalytic converter, ẹ̀yà tí ń sọ èéfín di mímọ́, ó sì ń jó níbẹ̀, ibẹ̀ á sì gbóná kọjá bí ó ti yẹ. Ó tún ń ba plọ́ọ̀gì jẹ́, ó ń fi dúdú bo orí wọn.

Ìhà ìkejì tún wà tí ó burú jù fún àwa tí a wà ní àríwá. Bí sípíríìngì fáàfù tí ń tú síta bá rọ̀, agbára ìfà lè ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ òde á sì máa gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Afẹ́fẹ́ yẹn kò kọjá nínú fílítà, bẹ́ẹ̀ ni MAF kò sì kà á. Nítorí pé MAF kò kà á, epo á kéré ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ́ńjìnnì á máa lọ sókè sódò, iná check engine lè tàn, ẹ̀rọ scanner á sì fi kóòdù P0171 hàn. Nítorí pé kò kọjá nínú fílítà, eruku tí ó bá wà lójú ọ̀run ń wọ inú sílíńdà tààrà. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń gbé eruku aṣálẹ̀ bọ̀ láti ìhà Chad àti Niger tí a kò sì lè rí Aso Rock dáadáa, eruku yẹn ń lọ ojú sílíńdà àti òrùka pístìnì bí ìwé yanrìn. Kò sí ohùn kankan tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí a fi ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ọkọ̀ tiyín ni pé kí ẹ dá afẹ́fẹ́ náà padà síbi tí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ kò ní láti ju fáàfù tí ẹ rà nù bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ẹnu àbájáde rẹ̀ ṣeé fi họ́ọ̀sì sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 25 mm ni ó bá 1.8T mu. Ẹ ní kí mekaníìkì so ó mọ́ ojú ihò tí ó wà lára páìpù tí ń wọ tọ́ọ̀bò, ibi tí wọ́n ti dí báyìí, kí ó sì fi kílíìpù dè é ní ìhà méjèèjì. Bí ẹnu fáàfù náà kò bá gba họ́ọ̀sì, ẹ dá fáàfù àtilẹ̀wá padà sí i, tàbí kí ẹ ra tuntun irú rẹ̀. Bosch ni ó ṣe èyí tí ó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì 1.8T wá, ó sì ṣì wà lọ́jà. Ẹ ṣọ́ra fún àdàmọ̀dì, nítorí pé awọ inú rẹ̀ tètè máa ń ya.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè sọ̀rọ̀ sìkúrúù. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ yẹ rọ́bà tín-ínrín tí ó wá láti manifold wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ooru inú ẹ́ńjìnnì ń mú kí rọ́bà ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ le kí ó sì sán, ibi tí ó sán náà sì sábà máa ń wà lábẹ́, níbi tí ojú kò tó. Rọ́bà náà gbọ́dọ̀ wá tààrà láti manifold. Kò gbọdọ̀ pín ojú ihò pẹ̀lú géèjì tàbí pẹ̀lú ohun tí ń darí ìfúnpá epo, kò sì gbọdọ̀ sí fáàfù ọlọ́nà-kan láàárín rẹ̀. Bí ó bá gùn jù tàbí tí inú rẹ̀ há jù, ìròyìn agbára ìfà á pẹ́ kí ó tó dé orí fáàfù, ẹ ó sì máa gbọ́ tu-tu-tu bí ẹ tilẹ̀ dẹ sìkúrúù dé òpin. Mo gbà gbọ́ pé rọ́bà yìí ni ó ń dá ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yí sìkúrúù sọ́tùn-ún sósì láti àárọ̀ dé alẹ́ láàmú.

Ẹ tún dán fáàfù náà fúnra rẹ̀ wò. Ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ sí ẹnu ìhò orí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, síríńjì ńlá 60 ml tí wọ́n ń tà ní ilé ìpòògùn lè ṣe é. Ẹ fà á, kí ẹ sì dá a dúró. Pístìnì yẹ kí ó gòkè, kí ó sì dúró lókè níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì tú u. Bí ó bá ń rọra bọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, awọ inú rẹ̀ ti ya tàbí òrùka rọ́bà rẹ̀ ti jẹ, sìkúrúù kò sì lè rí nǹkan ṣe sí i. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ibì kan kí ó tó gbéra, eruku ni. Ẹ tú u, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún, kí ẹ sì fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹni tí ó ṣe é bá là sílẹ̀ kàn án díẹ̀. Gíríìsì tí ó nípọn kò dára níbẹ̀, nítorí pé eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di amọ̀.

Tí gbogbo èyí bá ti dára, ẹ dẹ sìkúrúù náà títí ó fi rọ̀ jù lọ, láìjẹ́ kí ó yọ jáde. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná bí ó ti máa ń gbóná. Ẹ wá wá ojú ọ̀nà tí kò ní èrò; òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú ní ọ̀nà Kubwa dára fún èyí, láì sáré kọjá 100 km/h tí òfin gbà. Ní jíà kejì tàbí ìkẹta, ẹ tẹná dáadáa láti bíi 2,500 rpm dé 4,000, kí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnìkan jókòó tì yín pẹ̀lú scanner, kí ó máa fi ìfúnpá tí brain box béèrè wé èyí tí tọ́ọ̀bò mú wá. Bí èyí tí ó mú wá bá kéré sí èyí tí wọ́n béèrè, sípíríìngì ti rọ̀ jù, ó ń jò. Ẹ fún sìkúrúù mọ́ ní ìdajì ìyípo kan, kí ẹ sì tún dán an wò. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdajì-ìdajì títí iye méjèèjì á fi bára mu. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ẹ má ṣe fún un mọ́ nítorí pé ààyè ṣì wà. Nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ìró afẹ́fẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ẹ gbọ́, kò sì ní pariwo púpọ̀ nítorí pé inú páìpù ni ó ń lọ. Tí tu-tu-tu bá padà wá, ẹ dẹ̀ ẹ́ ní ìdajì ìyípo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà fún nọ́ọ̀tì tí ó wà nídìí sìkúrúù mọ́, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì má bàa yí i kúrò níbi tí ẹ fi í sí.

Ẹ béèrè bóyá tọ́ọ̀bò yín ti bàjẹ́. Tu-tu-tu fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ kò tẹná púpọ̀ kì í pa tọ́ọ̀bò. Èyí tí ń ṣẹlẹ̀ léraléra nígbà tí ìfúnpá pọ̀ ni ó léwu, nítorí pé ó ń gbo bẹ́árìn tí kò jẹ́ kí ọ̀pá tọ́ọ̀bò máa lọ síwá sẹ́yìn. Ẹ yọ páìpù tí ń wọ tọ́ọ̀bò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, kí ẹ sì di orí ọ̀pá náà mú. Bí ó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò burú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí ẹ bá lè fà á wá síta kí ẹ sì tì í padà tí ọwọ́ yín sì mọ̀ ọ́n, tàbí tí etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti ń ha ara ilé rẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún tọ́ọ̀bò ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú làákàyè o. Toyota Hilux oní-dísẹ̀lì, 2.5 D-4D, ni mo fi ń kó ẹrù láti Kaduna lọ sí Zaria. Tọ́ọ̀bò rẹ̀ kú, mo sì ti fi òmíràn sí i. Ẹni kan tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ sọ fún mi pé nítorí pé kò ní blow-off ni tọ́ọ̀bò náà fi kú. Ó fẹ́ ta ọ̀kan fún mi tí ó ní wáyà àti súìṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹná. Ṣé kí n rà á? — Bàbá Ìbejì, Kaduna.

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á o, Bàbá Ìbejì. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ni ó ń fi throttle dí afẹ́fẹ́ kí ó lè dín agbára kù. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Epo ni ó ń dín kù, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò sí ìlẹ̀kùn tí ó ń pa dé mọ́ afẹ́fẹ́ lójú lójijì, tọ́ọ̀bò yín kò sì rí ohun tí ń bì lù ú. Àwọn dísẹ̀lì kan ní awẹ́ kan ní ẹnu manifold, ṣùgbọ́n èéfín tí wọ́n ń dá padà sínú ẹ́ńjìnnì àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kú láìgbọ̀n ni wọ́n fi í ṣe fún. Fáàfù onísúìṣì tí wọ́n fẹ́ tà fún yín yóò kàn máa da afẹ́fẹ́ tí tọ́ọ̀bò ti ṣe làálàá kì jọ nù, kí ó lè pariwo.

Ohun tí ó sábà ń pa tọ́ọ̀bò ọkọ̀ akẹ́rù ní apá ibí yìí ni ọ́ọ̀lì tí ó ti pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, eruku, àti pípa ọkọ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ọ̀lì àti fílítà rẹ̀ ní 5,000 km. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yẹ họ́ọ̀sì tí ó wà láàárín fílítà àti tọ́ọ̀bò wò bóyá ó sán, nítorí pé eruku tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé ń jẹ etí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ti gbé ẹrù wúwo dé Zaria, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á, kí ọ́ọ̀lì lè gbé ooru kúrò lára ọ̀pá tọ́ọ̀bò. Bí ọ́ọ̀lì bá dúró sójú kan nínú ooru yẹn, yóò jó di èédú, yóò sì dí ọ̀nà tí ọ́ọ̀lì tuntun fẹ́ gbà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ojúlówó iṣẹ́. Jos ni mo wà. Mo ra Honda Civic ọdún 1999 kan ní Èkó tí ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi tọ́ọ̀bò àti blow-off tí ń tú síta sí. Ní Èkó, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti gbé e dé Jos, mò ń gbọ́ tu-tu-tu nígbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹná, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan fáàfù náà. Kí ni ó yí padà? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Jos.

ÌDÁHÙN: Afẹ́fẹ́ tí ó yí ọkọ̀ náà ká ni ó yí padà. Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú òkun dọ́gba. Jos ga tó bíi 1,200 mítà. Ní gbogbo 300 mítà tí a bá gùn sókè, ìfúnpá afẹ́fẹ́ òde ń dínkù ní nǹkan bí ínǹṣì mákúrì kan, èyí tí wọ́n kọ inHg sí lójú géèjì. Ìfúnpá gidi tí ó wà nínú manifold nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n agbára ìfà jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ òde. Ẹ́ńjìnnì tí géèjì rẹ̀ ka 20 inHg ní Èkó yóò ka bíi 16 ní Jos. Sípíríìngì yín kò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agbára tí ń ṣí i ni ó dínkù. Àwọn tí wọ́n ṣe fáàfù Tial mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé wọn kò fi sìkúrúù sí i rárá: agbára ìfà ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó ń yí jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń yan sípíríìngì.

Ohun kan wà tí ó gbà yín. Civic ọdún yẹn kì í lo MAF. Sẹ́ńsọ̀ MAP rẹ̀ ń wọn ìfúnpá inú manifold, nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí fáàfù bá tú síta kò tíì wà nínú ìṣirò, kò sì ní fa èéfín dúdú. Ẹ lè fi fáàfù náà sílẹ̀ bí ó ti wà, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń pa dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, nítorí eruku tí mo ti sọ lókè.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ sì pa AC àti gbogbo iná, kí agbára ìfà lè pọ̀ tó bí ó ṣe lè pọ̀ tó. Bí fáàfù bá lè pa dé nígbà yẹn, kò ní ṣí nígbà tí ẹ bá tan AC tí agbára ìfà sì dínkù. Ẹ dẹ sìkúrúù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì di bébà tíṣù tín-ínrín kan mú lẹ́bàá ẹnu fáàfù náà, kì í ṣe ìka yín. Ní ibì kan, tíṣù náà á fà mọ́ ẹnu fáàfù: ó ti ṣí nìyẹn. Ẹ fún sìkúrúù mọ́ títí tíṣù náà á fi dúró jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi ìdámẹ́rin ìyípo kún un. Ẹ wá wà á lọ sójú ọ̀nà, kí ẹ tẹ́tí sí i bí mo ti là á sílẹ̀ fún ẹni Gwarinpa. Bí ẹ bá ṣì gbọ́ tu-tu-tu nígbà tí ìfúnpá pọ̀, tí tíṣù kò sì gbà kí ẹ dẹ̀ ẹ́ sí i mọ́, fáàfù náà ti kéré jù fún tọ́ọ̀bò yín tàbí kí rọ́bà orí rẹ̀ há, ẹ sì ní láti pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí ara sìkúrúù àti ara fáàfù, kí ẹ sì kọ iye ìyípo tí ẹ fi kúrò níbi tí ó wà ní Èkó sínú ìwé ọkọ̀. Bí ẹ bá tún ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó fún ọjọ́ pípẹ́, iye yẹn ni kí ẹ yí padà kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ tí kò kọjá nínú fílítà. Àbújá wà láàárín méjèèjì, agbára ìfà níbẹ̀ sì kéré sí ti Èkó ní bíi 1.5 inHg, nítorí náà ẹni tí ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ láti Èkó wá sí Àbújá lè má gbọ́ ìyàtọ̀ kankan bí sípíríìngì rẹ̀ kò bá ti le jù tẹ́lẹ̀.